Bí a Ṣe Lè Kọ́ Òṣìṣẹ́ Ilé Ìtọ́jú Àgbàlagbà Láti Gba Ọ̀rọ̀ Ìtọ́jú Ọjọ́ Iwájú Sílẹ̀

Aago méjì òru ni. Èémí Bàbá kan ti yí padà, nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló sì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó tú fáìlì wò, kò rí ohun kan tó sọ bí Bàbá ṣe fẹ́ kí wọ́n ṣe òun. Ó pe áńbúláǹsì. Wọ́n gbé Bàbá lọ sí ọsibítù, ibẹ̀ ni wọ́n dákẹ́ sí kí ilẹ̀ tó mọ́, láàárín àwọn tí kò mọ̀ wọ́n rí. Nígbà tí olùtọ́jú tó máa ń wẹ̀ fún wọn dé láàárọ̀ tó sì gbọ́, ẹkún ló bú sí: "Bàbá ti sọ fún mi láìmọye ìgbà pé àwọn ò fẹ́ ọsibítù mọ́!"

Mo wà níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, n kò sì gbàgbé. Bàbá sọ̀rọ̀. Ẹnì kan gbọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà dúró sí ni etí ẹni tó gbọ́ ọ, torí kò sí ẹni tó kọ́ ọ pé ó yẹ kó gbé e dé ibòmíràn. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tí wọ́n bá gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́: nọ́ọ̀sì àgbà, ọ̀gá ilé, tàbí ẹnikẹ́ni tó fẹ́ kọ́ òṣìṣẹ́ ilé ìtọ́jú àgbàlagbà ní ètò ìtọ́jú ọjọ́ iwájú.

Ohun tí mò ń pè bẹ́ẹ̀ kò le. Kí ènìyàn sọ ohun tó ṣe pàtàkì sí i nígbà tí iyè rẹ̀ ṣì pé, kó sọ irú ìtọ́jú tó fẹ́ àti èyí tí kò fẹ́, kó sì yan ẹni tí yóò gbẹnu sọ fún un bí ọjọ́ kan bá dé tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ọwọ́ sì tó ìwé náà nígbà tí wọ́n bá nílò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ló gbà pé fọ́ọ̀mù ni gbogbo iṣẹ́ yìí, wọ́n á kó fọ́ọ̀mù fún ẹbí lọ́jọ́ tí olùgbé wọlé, wọ́n á ní kí wọ́n fọwọ́ sí i, ó parí. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láago méjì òru, torí kò sí ọ̀rọ̀ olùgbé kankan nínú rẹ̀.

1. Ẹ kọ́kọ́ yẹ fáìlì yín wò

Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni sí kíláàsì, ẹ fa fáìlì olùgbé 10 yọ láìṣa èyí tó dára. Ẹ gbé aago síwájú. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ wá ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú 2. Ta ni agbẹnusọ olùgbé yìí, kí sì ni nọ́ńbà fóònù rẹ̀? Bí ọkàn rẹ̀ bá dúró, ṣé kí a tẹ àyà rẹ̀ àbí kí a má tẹ̀ ẹ́? Bí àìsàn bá dé, ṣé ọsibítù ló fẹ́, àbí kí a tọ́jú rẹ̀ níbí? Ẹ kọ iye tí ẹ rí ìdáhùn sí sílẹ̀, ẹ ó tún padà sí i.

Iye yẹn ni kí ẹ gbé lọ bá ọ̀gá ilé. Bí ó bá ní ètò yìí á gba àkókò jù, ẹ sọ fún un pé wọ́n ti dán irú rẹ̀ wò ní ilé ìtọ́jú 6 ní Ontario, ní Kánádà, ìwádìí náà sì jáde ní ọdún 2000. Àwọn ilé tí wọ́n ti kọ́ òṣìṣẹ́, tí wọ́n sì bá àwọn olùgbé àti ẹbí sọ̀rọ̀ tán, kò gbé ènìyàn lọ sí ọsibítù tó àwọn ilé yòókù, síbẹ̀ ikú kò pọ̀ sí i níbẹ̀. Ẹ gba ìlérí kan lẹ́nu ọ̀gá náà kí ẹ tó dìde: bí òṣìṣẹ́ bá jókòó ti Màmá kan fún ogún ìṣẹ́jú tí wọ́n ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí, iṣẹ́ ló ń ṣe. Kí ẹnikẹ́ni má bi í pé ta ló fẹ́ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Láìsí ìlérí yìí, ẹ má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ tún wá òfin ibi tí ẹ wà. Ní England àti Wales, òfin ọdún 2005 tí wọ́n ń pè ní Mental Capacity Act ló ń darí ọ̀rọ̀ yìí. Ní Amẹ́ríkà, òfin kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 1990 pa á láṣẹ fún ilé ìtọ́jú tó ń gba owó Medicare tàbí Medicaid, ètò tí ìjọba fi ń san owó ìtọ́jú, pé kó jẹ́ kí ẹni tó bá wọlé mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti gba ìtọ́jú tàbí láti kọ̀ ọ́. Òfin tiyín lè yàtọ̀, pàápàá lórí ẹni tó lè gbẹnu sọ bí olùgbé kò bá yan ẹnì kan. Ẹ ní kí ẹni tó mọ òfin náà kọ ọ́ sí ojú ìwé kan ṣoṣo fún yín ní èdè tó yé gbogbo ènìyàn.

2. Gbogbo òṣìṣẹ́ ni ẹ ó kọ́, àmọ́ ẹ̀kọ́ wọn kò ní rí bákan náà

Àwọn tó ń wẹ̀ fún olùgbé, tó ń fún wọn lóúnjẹ, tó ń gbálẹ̀ yàrá wọn, ni wọ́n máa ń gbọ́ òótọ́ ọ̀rọ̀. Àgbàlagbà kì í fi ọkàn rẹ̀ han dókítà tó yọjú fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹni tó ń fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa ń sọ ọ́ fún. Nítorí náà, ohun tí àwọn wọ̀nyí nílò ni kí wọ́n mọ ọ̀rọ̀ tó wúwo yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ lásán, kí wọ́n mọ bí a ṣe ń dáhùn láìpa ẹnu onítọ̀hún dé, kí wọ́n sì mọ ẹni tí wọn yóò gbé e lọ bá lọ́jọ́ náà gan-an. Wákàtí méjì tó fún wọn.

Àwọn nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn (social worker) ni yóò máa darí ìjíròrò tó kún, ọjọ́ méjì ló yẹ kí ẹ yà sọ́tọ̀ fún wọn. Dókítà ni yóò ṣàlàyé ìtọ́jú, tí yóò sì fọwọ́ sí àṣẹ. Ẹ má fojú fo àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́ o. Àwọn ni wàhálà máa ń bá, àwọn náà sì ni wọ́n máa ń pè sí kíláàsì aago mẹ́wàá àárọ̀ lẹ́yìn tí wọn ò tíì sùn. Ẹ lọ bá wọn ní àkókò tiwọn.

3. Ara wọn ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀

Ní wákàtí àkọ́kọ́, ẹ má tíì mẹ́nu ba olùgbé kankan. Ẹ pín wọn sí méjì-méjì, kí ọ̀kan bi èkejì pé: "Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé o kò lè sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọ̀la, ta ni o fẹ́ kó sọ̀rọ̀ fún ọ? Ṣé onítọ̀hún mọ̀? Kí lo fẹ́ kó sọ?" Yàrá náà yóò pa lọ́lọ́. Ẹ jẹ́ kó pa lọ́lọ́. Àwọn kan á rí i pé ẹni tí àwọn fẹ́ràn jù kọ́ ni àwọn fẹ́ kó pinnu, torí ọkàn rẹ̀ kò ní gbà á. Àwọn kan á rí i pé àwọn kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Láti ìgbà náà lọ, wọn kò ní rò pé ìbéèrè kékeré ni àwọn ń bi àgbàlagbà.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin òkú lè jókòó kó máa wò. Kí ẹnikẹ́ni má fi dandan lé e.

4. Ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀ dájú

Ẹ má kó gbogbo ìmọ̀ ìṣègùn lé wọn lórí. Ẹ mú ìwọ̀nba ohun tó máa ń da ènìyàn láàmú, kí ẹ ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké.

Títẹ àyà ni ẹ kọ́kọ́ mú. Ọdún 1960 ni àwọn oníṣègùn ní Johns Hopkins, ní Amẹ́ríkà, gbé ìròyìn jáde pé títẹ àyà láti òde lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa lọ káàkiri nígbà tí ọkàn bá dúró. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ṣàdédé dúró, tí ara rẹ̀ yòókù sì le, ló máa ń jàǹfààní rẹ̀ jù. Nínú fíìmù, ẹni tí wọ́n bá tẹ àyà rẹ̀ á wúkọ́, á sì dìde jókòó. Fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ ti hẹ́gẹhẹ̀gẹ, tí àìsàn oríṣiríṣi ti ń bá jà, ìwọ̀nba díẹ̀ péré ló ń yè é, egungun ìhà sì sábà máa ń kán. Kí òṣìṣẹ́ lè sọ èyí láìdẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, láìsì fi bò. Kí wọ́n tún mọ̀ pé ẹni tó ní kí wọ́n má tẹ àyà òun kò ní kí wọ́n má tọ́jú òun. Oògùn ìrora, omi, oúnjẹ, ìwẹ̀, ìtọ́jú àkóràn, gbogbo rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Mo ti rí òṣìṣẹ́ tó fà sẹ́yìn lọ́dọ̀ olùgbé nítorí ó rí àkọsílẹ̀ yìí nínú fáìlì, bí ẹni pé wọ́n ti kọ olùgbé náà sílẹ̀. Ó dùn mí gan-an. Ẹ tún ìlà yìí sọ títí wọn á fi mọ̀ ọ́n lórí.

Ìkejì ni rọ́bà tí wọ́n fi ń rọ oúnjẹ sínú ikùn. Bí àrùn ìgbàgbé tí wọ́n ń pè ní dementia bá ti dé ìparí rẹ̀, tí àgbàlagbà kò fẹ́ gbé oúnjẹ mì mọ́, ẹbí á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù pé ebi ni yóò pa á. Ohun tí ìwádìí fi hàn ni pé rọ́bà yìí kì í fi kún ọjọ́ ayé ẹni tó wà nírú ipò bẹ́ẹ̀, kì í sì í dènà kí oúnjẹ ṣìnà lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn àgbàlagbà ní Amẹ́ríkà, American Geriatrics Society, kò fọwọ́ sí i fún wọn. Ohun tí wọ́n gbà ní ìmọ̀ràn ni fífi ọwọ́ bọ́ ọ, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú sùúrù, ìwọ̀nba tó bá gbà.

Ìkẹta ni bí a ṣe ń mọ̀ bóyá ènìyàn lè ṣe ìpinnu. Òfin ọdún 2005 tí mo mẹ́nu bà lókè là á sí ọ̀nà mẹ́rin, ó sì wúlò fún ẹnikẹ́ni: ṣé ọ̀rọ̀ náà yé e, ṣé ó lè rántí rẹ̀ fún ìgbà tí yóò fi pinnu, ṣé ó lè gbé e yẹ̀ wò síhìn-ín sọ́hùn-ún, ṣé ó sì lè sọ ìpinnu rẹ̀ lọ́nàkọnà, ì báà jẹ́ ojú ló fi ṣẹ́. Màmá tí kò mọ ọjọ́ òní lè mọ ọmọ tí òun fọkàn tán. Ẹni tí kò lè pinnu lórí iṣẹ́ abẹ lè sọ pé òun kò fẹ́ abẹ́rẹ́ mọ́. Ẹ má fi orúkọ àìsàn ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ fi awò ojú rẹ̀ sí i lójú, ẹ fi ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ sí i létí, ẹ yan wákàtí tí ara rẹ̀ máa ń jí jù, kí ẹ tó sọ pé kò lè pinnu.

Ìkẹrin kò gbà wá lákòókò: àwọn ìwé náà kì í ṣe ọ̀kan. Ìwé kan wà tí olùgbé fi sọ ìfẹ́ rẹ̀, òmíràn wà tó jẹ́ àṣẹ dókítà tí àwọn òṣìṣẹ́ áńbúláǹsì yóò tẹ̀ lé. Irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ni fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní POLST, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oregon, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1991. Kí òṣìṣẹ́ mọ èyí tí ibi tiyín ń lò, kó sì mọ̀ pé olùgbé lè yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà nígbàkugbà.

5. Ẹnu ni kí wọ́n fi kọ́ ọ

Bí ẹ bá fi gbogbo ọjọ́ sọ̀rọ̀ níwájú wọn, wọn á mi orí, wọn á lọ sílé, wọn ò sì ní lè ṣe é. Ìdajì àkókò kíláàsì, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìdánrawò.

Ẹ fi èsì ojoojúmọ́ bẹ̀rẹ̀. Àgbàlagbà kì í pe ọ̀rọ̀ yìí ní orúkọ rẹ̀. Á kàn sọ pé, "Ó ti tó mi." Tàbí, "Àwọn ẹgbẹ́ mi ti lọ tán." Tàbí, "Ṣé wọ́n á tún gbé mi lọ síbi ọjọ́sí yẹn?" Kí ni àwa máa ń fi dáhùn? "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, Màmá. Ẹ ó pẹ́ fún wa!" Tàbí, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Ìfẹ́ ló mú wa sọ ọ́. Àmọ́ ẹ wo ojú Màmá lẹ́yìn èsì yẹn. Àdúrà la ṣe, ilẹ̀kùn la sì tì. Màmá ti rí i pé ẹ̀rù ń bà wá, wọn ò ní sọ ọ́ mọ́.

Ẹ kọ́ wọn ní èsì mìíràn: "Kí ló mú yín sọ bẹ́ẹ̀, Màmá?" Lẹ́yìn náà, kí wọ́n dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka ení dé ẹẹ́wàá nínú ọkàn wọn kí wọ́n tó tún lanu. Dídákẹ́ yìí ló máa ń nira jù nínú gbogbo ìdánrawò, mo máa ń jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe ní ìgbà mẹ́ta. Kí àdúrà dúró dé ìparí, bí Màmá bá fẹ́ ẹ. Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ fi kún un: ẹni tó ń wí lójoojúmọ́ pé òun fẹ́ kú, tí kò jẹun mọ́, tó ń fi ojú sí ògiri, tàbí tó ń wí pé òun yóò ṣe ara òun ní nǹkan, ìbànújẹ́ ọkàn lè ti di àìsàn sí i lára. Nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ gbọ́ lọ́jọ́ kan náà, torí ìtọ́jú wà fún un.

Fún àwọn tí yóò darí ìjíròrò tó kún, ẹ pín wọn sí mẹ́ta-mẹ́ta: ọ̀kan á ṣe àgbàlagbà, ọ̀kan á ṣe òṣìṣẹ́, ẹnì kẹta á máa wò, á sì máa kọ. Ìṣẹ́jú 8, kí wọ́n pààrọ̀ ipò. Ẹ fún wọn ní ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà, kí wọ́n má kà á bí ìwé:

Ẹ tọrọ àyè. "Bàbá, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa bí ẹ ṣe fẹ́ kí a máa tọ́jú yín, pàápàá bí ara yín ò bá le tó báyìí mọ́. Ṣé ẹ gbà mí láyè lónìí, àbí kí n padà wá?"

Ẹ gbọ́ tẹnu wọn kí ẹ tó sọ tiyín. "Kí ni dókítà ti sọ fún yín nípa àìsàn yìí? Ẹ̀yin náà, báwo lẹ ṣe rí i?"

Ẹ wá ohun tó mú ayé dùn fún wọn, àti ohun tó ń dẹ́rù bà wọ́n. "Kí ló máa ń mú inú yín dùn bí ilẹ̀ bá mọ́?" "Bí oorun ò bá wá lóru, kí lẹ máa ń rò?"

Ẹ wá ibi tí ààlà wà. "Ǹjẹ́ ipò kan wà tó jẹ́ pé, bó bá dé ibẹ̀, ẹ ò ní fẹ́ kí a fi ipá dá yín dúró mọ́?"

Ẹ bèèrè agbẹnusọ. "Ta lẹ fẹ́ kí a gbọ́ tẹnu rẹ̀ bí ẹ ò bá lè sọ̀rọ̀? Ṣé ó ti mọ̀?"

Ẹ dá a padà fún wọn. "Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, kí ẹ wò ó bóyá mo gbọ́ yín dáadáa."

Ìbéèrè kan wà tí mo máa ń ní kí wọ́n gbàgbé pátápátá: "Ṣé ẹ fẹ́ kí a ṣe gbogbo ohun tó bá ṣeé ṣe?" Ta ni yóò sọ pé rárá? Ìdáhùn rẹ̀ kò sọ nǹkan kan fún wa nípa ẹni tó wà níwájú wa. Ẹ má sì rò pé gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ parí ní ìjókòó kan. Bàbá lè sọ ti agbẹnusọ lónìí, kó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó fẹ́ gbọ́ nípa títẹ àyà. Ẹni tí kò fẹ́ sọ ọ́ rárá ní ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn ò fẹ́, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ títí àwọn fúnra wọn á fi tún fà á.

6. Bí ẹbí bá wà níbẹ̀

Ọmọ tí wọ́n bi pé, "Kí lẹ fẹ́ kí a ṣe fún Bàbá?" ti rò pé wọ́n ní kí òun wá dá ẹjọ́ ikú fún bàbá òun ni. Yóò ní kí wọ́n ṣe ohun gbogbo, kí ọwọ́ òun lè mọ́. Ẹ kọ́ òṣìṣẹ́ láti bi í báyìí: "Ẹ̀yin lẹ mọ Bàbá jù. Bí wọ́n bá lè jókòó sáàárín wa nísinsìnyí, tí gbogbo nǹkan yé wọn, kí lẹ rò pé wọ́n á sọ?" Mo ti rí ọmọ tí èjìká rẹ̀ wálẹ̀ bí wọ́n ṣe bi í ní ìbéèrè yìí, torí ó mọ̀ ọ́n. Bàbá ti sọ ọ́ fún un rí.

Ẹ tún dán ti ọmọ tó ń gbé ọ̀nà jíjìn wò, ẹni tó dé nígbà tí gbogbo ènìyàn ti fohùn ṣọ̀kan, tó sì ń pariwo. Òṣìṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ bá a jiyàn. Ẹ̀bi àìsínílé ló sábà ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Kí wọ́n bi í pé báwo ni Bàbá ṣe rí nígbà tó rí wọn gbẹ̀yìn, kí wọ́n sì ka ọ̀rọ̀ tí Bàbá fẹnu ara wọn sọ sí i létí.

7. Bí a ṣe ń kọ ọ́

Ọ̀rọ̀ onítọ̀hún gan-an ni kí wọ́n kọ. "Olùgbé fẹ́ ìtọ́jú tó bójú mu" kò túmọ̀ sí nǹkan kan. "Màmá ní: 'Bí n kò bá mọ ojú àwọn ọmọ mi mọ́, ẹ jẹ́ kí n máa lọ jẹ́ẹ́'," ìyẹn ni dókítà lè fi ṣiṣẹ́. Ọjọ́, orúkọ ẹni tó gbọ́ ọ, àti ẹni tó wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀. Kí olùtọ́jú tí kò mọwọ́ ìwé dáadáa sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì, kí nọ́ọ̀sì kọ ọ́ lójú rẹ̀.

Ojú ibì kan ṣoṣo ni kí ìwé náà máa wà, níwájú fáìlì, ní àwọ̀ tí a kò lò fún ohun mìíràn. Kí ẹ̀dà rẹ̀ bá olùgbé wọ áńbúláǹsì.

Ẹ tún un gbé yẹ̀ wò bí olùgbé bá ti ọsibítù dé, bí ó bá ṣubú, bí ó bá ń rù, bí ọkọ tàbí aya rẹ̀ bá kú, tàbí bí òun fúnra rẹ̀ bá dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ọjọ́ tó kó wọlé kọ́ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, àyà rẹ̀ ṣì ń já lọ́jọ́ yẹn. Agbẹnusọ nìkan ni kí ẹ bèèrè, kí ìyókù dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

8. Lẹ́yìn kíláàsì

Ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan máa ń gbẹ láàárín oṣù kan. Ẹ yan ẹni méjì tó mọ̀ ọ́n ṣe jù, kí òṣìṣẹ́ tuntun máa tẹ̀ lé wọn wọ yàrá títí yóò fi lè dá a ṣe. Lóṣooṣù, ẹ fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú jókòó lórí olùgbé kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ rú yín lójú.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ padà sí fáìlì 10 àti aago. Èyí ni ẹ ó fi wọn iṣẹ́ yín. Ẹ má ṣe ka iye olùgbé tó ní kí wọ́n má tẹ àyà àwọn bí ẹni ń ka èrè. Ní England, nígbà àjàkálẹ̀ COVID ní ọdún 2020, ariwo ta pé wọ́n ń kọ àṣẹ pé kí a má tẹ àyà fún àwọn ará ilé ìtọ́jú lápapọ̀, láìbá wọn sọ̀rọ̀ lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Care Quality Commission, tó ń bójú tó irú ilé bẹ́ẹ̀, ṣe ìwádìí, ìròyìn rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2021. Lára ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn kan kò mọ̀ pé wọ́n ti kọ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ nípa àwọn. Olùgbé tó ní kí wọ́n tẹ àyà òun títí ọwọ́ yóò fi rọ wọ́n ti ṣe ètò ìtọ́jú ọjọ́ iwájú tirẹ̀, ẹ kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́.

Bí olùgbé kan bá sì kú, kí àwọn tó tọ́jú rẹ̀ pàdé láàárín ọ̀sẹ̀ náà, láti orí nọ́ọ̀sì dórí ẹni tó ń gbálẹ̀. Kí ẹnì kan ka ohun tó wà nínú ìwé rẹ̀ sókè. Kí wọ́n bi ara wọn pé, ṣé bó ṣe wí ni a ṣe é? Kí ló dí wa lọ́wọ́ níbi tí a kò ti ṣe é? Lẹ́yìn náà, kí ẹ yíjú sí ẹni tó máa ń wẹ̀ fún un, kí ẹ bi í bóyá ọ̀rọ̀ kan wà tí olùgbé náà sọ fún un tí kò sí nínú ìwé.